Yẹtí Tí Wọ́n Rí Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Kì í Ṣe Ti Bùkọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíì níbí. Mo máa ń pòṣé sí wọn. Màá ní, irú èèyàn wo tiẹ̀ nìyí? Ó wá kàn mí báyìí. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹrù tí mo rù látọjọ́ yìí ti wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò sì rí ẹni bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ara mi, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé apá Ẹ̀gbẹ́dá la wà. Aránṣọ ni mí. Opó sì ni mí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí ti wà nílé ọkọ ní Ìgàndó.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n ti mú orí ọ̀rọ̀ fún mi. "Òmìnira Wa Nínú Kristi" ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé inú mi dùn ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa le nígbà kan. Kì í ṣe le kékeré o. Obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò. Kò gbọdọ̀ kun ètè. Kò gbọdọ̀ fi irun ẹlòmíì kún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n yẹtí ni wọ́n kórìíra jù lọ. Bàbá Olùṣọ́ wa àtijọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé ihò etí obìnrin ni ojú fèrèsé tí ayé ń gbà wọlé. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a bọ́ yẹtí nìkan ni. Ihò náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dí.

Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọbìnrin kì í tíì mọ ojú ìyá rẹ̀ tán tí wọ́n fi ń lu etí rẹ̀. Gbogbo wa pátá la gbé ihò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí obìnrin bá ti di àtúnbí, wọ́n á ní kó fi etí sílẹ̀ kó dí. Ti ẹlòmíì á dí. Ti ẹlòmíì kò ní dí láéláé, nítorí ó ti wọ yẹtí dàgbà. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá dí, wọ́n á ní kó lọ fi kún àdúrà rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mọ́mì Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè mí. Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, màá dúró sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọlé, màá sì máa fi ìka méjì tẹ etí wọn, bí ẹni tó ń tẹ píà lọ́jà. Èyí rọ̀. Èyí ti ń dí. Màá ní, "Sístà, kí ló dé tí eléyìí ṣì ṣí báyìí? Ṣé kò sí nǹkan?" Àgbà obìnrin tó jù mí lọ á kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀, á máa ṣàlàyé etí ara rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó máa ń dùn mọ́ mi nígbà náà.

Ẹni tó bá rú òfin, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló ń lọ. Bẹ́ńṣì gígùn kan ni, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa, a kì í sì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló máa wà títí yóò fi dìde jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Tí kò bá jẹ́wọ́, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo gbé pamọ́.

Èmi tí mo ń tẹ etí àwọn èèyàn yìí, ihò tèmi kò dí. Mi ò fẹ́ kó dí. Kí ìyá mi tó kú, ó bọ́ yẹtí góòlù rẹ̀ létí, ó fi wọ́n sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kí etí rẹ dí o. Ọjọ́ tó bá dí, màá mọ̀ pé o ti gbàgbé mi." Kí ni mo fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Lọ́jọ́ Ajé, màá ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, màá gé e kúrú, màá fi há ihò etí mi, màá wé gèlè bò ó, màá sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tó bá di Sátidé, màá yọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń tẹ etí gbogbo ayé, ta ló máa tẹ tirẹ̀?

Bùkọ́lá ni mo fẹ́ pe ọmọ tí mo ṣẹ̀ yìí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìdí irun dídì ló wà ní Ìkòtún. Àwọn òbí rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan ló ń dá gbé níbí. Ọ̀yàyà ọmọ ni. Tó bá wọlé, ẹ̀rín rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Kò tíì pẹ́ tó di ara wa, ihò etí rẹ̀ ṣì ṣí gbayawu. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún un pé kó má dààmú, pé díẹ̀díẹ̀ ni. Mọ́mì ló máa ń pè mí, kò sì sí ẹlòmíì tó ń dì mí lórí àfi òun. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ihò tèmi kò dí, àbí kò mọ̀? Mi ò mọ̀ títí di òní. Kò bi mí rí.

Ó ti fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nígbà náà, pẹ̀lú arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. A ti kéde wọn. Èmi ni mo ń rán aṣọ ìgbéyàwó náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ní ẹbí ìyá mi ní Àgbàdo. Mo wọ yẹtí náà lọ. Mo ní, ta ló mọ̀ mí ní Àgbàdo? Nígbà tí mo wọlé, àbúrò ìyá mi pariwo, "Háà! Ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀ yìí o!" Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rántí pé inú mi dùn láìsí pé mo ń wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo bọ́ wọn létí ní Abúlé Ẹ̀gbá níbi tí mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀ míì. Mo so wọ́n ní kókó sí ìṣẹ́tí ìró mi bí a ti máa ń so owó. Ọjọ́ kejì ni a máa jẹ oúnjẹ Olúwa, àwọn obìnrin sì ti ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ jù láti yà sílé. Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà, mo ká ìró sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ bẹ́ńṣì pẹ̀lú wọn.

Bùkọ́lá ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Nígbà tí mo máa yíjú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Yẹtí ìyá mi ló wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìṣẹ́tí ìró mi. Kókó náà ti tú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù sínú rẹ̀.

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Olúwa mọ̀, mo ti na ọwọ́. Bí mo ṣe ń nà án ni Bàbá Olùṣọ́ wọlé.

"Kí lẹ ń wò níbẹ̀ yẹn?"

Ó rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Èmi ló bi, kì í ṣe Bùkọ́lá. Ó ní, "Ìyá, ta ló ni èyí?"

Gbogbo obìnrin ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ Bùkọ́lá ni mo ti rí i."

Ohun tí mo sọ nìyẹn o. Ẹ sì rí i pé òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i lóòótọ́. Èyí gan-an ni mo dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́ wa pé irọ́ pípa lẹ̀ṣẹ̀, mi ò sì parọ́. Mo pa òfin mọ́.

Bùkọ́lá ní, "Ilẹ̀ ni mo ti gbá a, sà! Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn." Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Kò tíì yé e.

Bàbá ní, "Ìyá, yẹ etí rẹ̀ wò."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi ìka méjì tẹ etí ọmọ tó ń dì mí lórí, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Ó ṣì ṣí, Bàbá." Òótọ́ nìyẹn náà.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó kàn ń wò mí. Títí di òní yìí tí mo ń kọ èyí, mo ṣì ń rí ojú yẹn.

Wọ́n mú un lọ sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun ò ṣe. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń dì lórí ní ìjọ wa ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń kọrin níwájú, òun ń wo ilẹ̀ lẹ́yìn. Èmi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un nílé. Mo máa ń se ẹ̀fọ́ rírò tó fẹ́ràn. Tó bá sọ pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ ò pa mí tì," màá dìde, màá ní mo fẹ́ lọ fọ abọ́.

Bàbá Olùṣọ́ wá sọ pé òun ò lè so ẹni tó wà lábẹ́ ìbáwí pọ̀ mọ́ ọkọ. Ìyá Bùkọ́lá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí ni ìyá náà, ẹ gbọ́ o. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Olùṣọ́ nínú oòrùn. Ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni." Kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Bàbá ní kó lọ bẹ ọmọ rẹ̀ kó jẹ́wọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì nìyí, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo lọ bá Bùkọ́lá. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣáà sọ pé tìẹ ni, kó tán ńlẹ̀."

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Níwájú pẹpẹ?"

Mo ní, "Ọlọ́run ń wo ọkàn."

Ó gbà mí gbọ́. Kí ni kò ṣe ní gbà mí gbọ́? Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ó rìn wá síwájú, ó ní, "Yẹtí yẹn, tèmi ni." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ìjọ hó yèè. Wọ́n kọrin ìṣẹ́gun. Bàbá Olùṣọ́ gbé yẹtí náà sókè kí gbogbo wa lè rí i, lẹ́yìn náà ó kó wa sẹ́yìn, sí ẹnu ṣáláńgá, ó jù ú síbẹ̀. Yẹtí ìyá mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo kọrin débi pé ohùn mi há.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn. Aṣọ tí mo rán bá a lára mu dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó lọ, a ò sì rí wọn ní ìjọ wa mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mo dúpẹ́.

Ọdún ń lọ. Bàbá Olùṣọ́ sùn nínú Olúwa. Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá, ọmọdé ni, ó kàwé, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé Kristi kò kú nítorí ihò etí. Ó ní ẹni tó bá rò pé etí dídí ló máa gbé òun dé ọ̀run, kí ló wá fi àgbélébùú ṣe? Àwọn àgbà kan bínú, wọ́n kúrò. Àwa yòókù dúró. Díẹ̀díẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ wọ yẹtí kékeré kan. Àwọn ọ̀dọ́ wọ tiwọn. Kó tó pẹ́, etí gbogbo wọn ń dán yinrin-yinrin, àwọn tí ihò tiwọn ti dí sì ń lọ tún un lù ní Ìkòtún. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ńkọ́? Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ yòókù kó lè dọ́gba, wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ yẹ́lò.

Gbogbo wọn ti gbàgbé. Ẹ lè wá wò ó, kò sí ẹni tó tiẹ̀ rántí pé a jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà lórí nǹkan tí ìyàwó pásítọ̀ ń wọ̀ báyìí.

Èmi nìkan ni mi ò wọ yẹtí. Wọ́n rò pé ìwà mímọ́ ni. Ìyá Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ nìkan lo máa rí ọ̀run wọ̀ jàre, máa bá wa wá àyè sílẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́bìnrin á kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ò yí padà o." Ìyàwó pásítọ̀ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mi ò wọ̀ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ihò mi ṣì ṣí. Mo ní kò wù mí mọ́. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀gbẹ́ kan ló kù sọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà nínú ṣáláńgá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wá sọ ọ́ di egbò tuntun.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó wà ní Ìgàndó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, mo sì lọ bá a ṣe é. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tuni lára ni, wọn ò lófin kankan. Ẹ wọ ohun tó bá wù yín. Mo ń wo ẹ̀yìn láti wá ibi tí màá gbé báàgì mi sí, ni mo bá rí i. Bùkọ́lá. Àyè ṣì wà níwájú repete, ṣùgbọ́n orí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló wà, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó síbẹ̀. Ó ti gbẹ díẹ̀. Etí rẹ̀ lásán. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó tì í, etí tòun náà lásán, wọn ò lù ú rí.

Nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ Olúwa kiri, mo ń wò ó. Àwo náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka kan tì í kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Lẹ́yìn ìsìn, òun ló wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níta. "Mọ́mì! Ẹ káàsán, mà. Ẹ ò tiẹ̀ darúgbó!" Mo gbé e dìde. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ oúnjẹ Olúwa. Kí ló gbé mi dé ìdí ìbéèrè yẹn? Ǹ bá ti dákẹ́.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò jẹ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, mà. Ẹ rántí yẹtí yẹn? Kì í ṣe tèmi, mà. Mo dúró níwájú pẹpẹ, mo sọ pé tèmi ni. Mo parọ́ fún Ọlọ́run nítorí ọkọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ ẹ́." Ó ní ọkọ òun ti bẹ òun títí. Ó ní pásítọ̀ tiwọn ti sọ fún òun pé ẹ̀jẹ̀ Jésù tó o. Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Mo mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n kò wọnú."

Ọmọ náà ń fa aṣọ rẹ̀. Ó ń wo etí mi. Ó ní, "Mọ́mì, Màmá Àgbà náà ò wọ yẹtí."

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn díẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ṣé mo sọ fún ẹ?" Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ó ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n lu etí òun bíi ti àwọn ẹgbẹ́ òun. Ẹ̀yin ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún un, mà. Mo ní mo mọ ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí kò fi etí ṣeré."

Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́.

Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó ti tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá tó bá ti ẹnu yín jáde, yóò kúrò lọ́kàn mi."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìka méjì tí mo fi tẹ etí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wà lórí irun rẹ̀. Mo sì gbàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run dárí irọ́ tó pa jì í. Ó ń ṣe àmín, ó ń sunkún. Èmi, èmi ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì í.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Mo ń rán aṣọ, mo ń rán apá sí ibi ọrùn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti èmi kì í tiẹ̀ ṣe irọ́, òótọ́ ni mo fi ṣe é. Òótọ́ méjì péré ni mo sọ, mo sì fi wọ́n de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Àwa tí a so okùn náà ti tú ara wa sílẹ̀, a ti ń ṣe àjọ̀dún òmìnira. Òun ṣì wà lórí bẹ́ńṣì tí a ti kùn ní yẹ́lò. Ó sì ti ń mú ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti tan ara mi. Mo ní, àgbà ni mí, ìtìjú á pa mí. Mo ní, tó bá mọ̀, ó lè kọ Ọlọ́run sílẹ̀ pátápátá. Mo ní, Ọlọ́run ti dárí jì mí, kí ló kù? Pásítọ̀ wa kúkú ń wàásù pé oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi oore-ọ̀fẹ́ bo ẹnu mi, kí ló yàtọ̀ sí òfin tí mo fi bò ó tẹ́lẹ̀? Ẹ bá mi dá a lóhùn, nítorí mi ò kàwé púpọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí, tàbí tí wọ́n ti ṣẹ̀ yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn obìnrin, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, nígbà tó jẹ́ pé iwájú gbogbo wọn ni ojú ti ti ọmọ yìí? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá òun nìkan ní Ìgàndó? Tó bá ní kí n jáde nílé òun, ṣé kí n dúró ní ẹnu ọ̀nà, àbí kí n máa lọ?

Mo ti di ẹ̀gbẹ́ yẹtí tó kù sínú áńkáṣíìfù, ó wà nínú báàgì mi. Lánàá, mo wọ ọkọ̀ dé Ìgàndó. Mo rìn dé ẹnu géètì ilé Bùkọ́lá tí ọmọ mi júwe fún mi, mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kékeré yẹn nínú ilé. Mi ò kan géètì náà. Mo padà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Tèmi ni. Bùkọ́lá ti bá mi sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ nígbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún òun nìkan.